Alẹ́ Tí Páì Kò Dé ní Hoylebeck

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ọdún 1974, nígbà tí aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú, Harold Umpleby fi ẹnu ara rẹ̀ pa Norris Clegg lójú igba ènìyàn, kò sì sí ọlọ́pàá tó bi í léèrè. Kò mú ọ̀bẹ, kò mú igi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló sọ sínú gbohùngbohùn: "Páì ti dé."

Ní kílọ́ọ̀bù àwọn awakùsà Hoylebeck ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn lè fi ẹjọ́ sílẹ̀ láàárín, ó lè fi ìyàwó àfẹ́sọ́nà sílẹ̀ nídìí tábìlì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kéde páì ẹran, kò sí ẹni tí í jókòó. Ẹni tó bá kẹ́yìn ìlà, omi ẹran nìkan ló máa bá.

Harold ni akọ̀wé eré ní kílọ́ọ̀bù náà. Wọ́n kan àpótí onípákó kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó rí bí ilé adìyẹ, gbohùngbohùn kan àti agogo kékeré kan sì wà níwájú rẹ̀. Inú ibẹ̀ ló ti ń pe nọ́ńbà tẹ́tẹ́ bíńgò. Ibẹ̀ ló ti ń pàṣẹ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Ibẹ̀ náà ló ti ń kéde gbogbo ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ nílùú, òṣèré ì báà wà lórí pèpéle, kó máà sí níbẹ̀. Ó ti dá olórin kan dúró rí láàárín orin ìfẹ́, láti sọ fún Albert Sugden pé ìyàwó rẹ̀ ní kó máa bọ̀ nílé, iná ti mú òpó èéfín. Albert dìde, ó ní, "Ṣé ti pálọ̀ ni, àbí ti ilé ìdáná?" Wọ́n ní ti ilé ìdáná ni. Albert tún jókòó. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n mu eléyìí tán."

Awakùsà ni Norris, bíi Harold. Ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀ lọ, ojú èédú kan náà ni wọ́n jọ ń kọlù. Ṣùgbọ́n ẹnu Norris dùn. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ní kílọ́ọ̀bù, kò sì sí ọjọ́ tó máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí Harold má ti inú àpótí rẹ̀ dá sí i.

"Norris, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lo ṣe sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá o ń sùn, Harold. Gbogbo wa la gbọ́ híhanrun rẹ nínú máìkì."

"Mo sùn torí pé ìwọ lò ń sọ̀rọ̀."

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì kò kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kò sì fi dánra wò rí. Ó kàn máa ń ṣẹlẹ̀ ni, bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Hoylebeck láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìròyìn dé pé ọkùnrin kan tó ń wá iṣẹ́ fún àwọn òṣèré, Ọ̀gbẹ́ni Pargeter, ń bọ̀ láti Leeds wá wo Norris. Ó ń wá aláwàdà kan tó máa ṣeré ní gbọ̀ngàn etí òkun ní Bridlington ní gbogbo ìgbà ooru. Gbogbo ìgbà ooru! Ọkùnrin tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ fi àyà fà nínú òkùnkùn, wọ́n ní kó wá dúró létí òkun pẹ̀lú bàtà dídán, kó máa sọ̀rọ̀.

Oṣù mẹ́fà ni Norris ti fi ń gbẹ́ ìtàn kan sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìtàn Seth, àbúrò bàbá rẹ̀, tó ra pósí ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún méjìlá ṣáájú ikú. Ìtàn náà gùn, gbogbo rẹ̀ pátá sì rọ̀ mọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo tó wà ní ìparí, bí garawa ṣe ń rọ̀ mọ́ okùn. Kò sọ gbólóhùn yẹn fún Brenda ìyàwó rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Harold nìkan ló gbọ́ ọ, ní abẹ́ ilẹ̀, ní àkókò oúnjẹ, nígbà tí àwọn méjèèjì bá jókòó lórí òkúta tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì oníwàràkàṣì. Harold ló sọ fún un pé, "Níbi tí àlùfáà ti béèrè ọ̀rọ̀, má kánjú. Dákẹ́. Ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà kó o wá sọ ọ́."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Norris dé ibi tí àlùfáà ti béèrè ọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó dákẹ́. Igba ènìyàn dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Norris lè gbọ́ bí ìfófòó bíà ṣe ń wálẹ̀ nínú ife. Ení. Èjì. Ẹ̀ta.

Agogo dún. "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Páì ti dé."

Igba àga pariwo lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tò, wọ́n di àwo mú. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ dé ojú fèrèsé ilé ìdáná, kò sí páì. Ọkọ̀ alápatà kò tíì dé. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà kí ó tó dé, Pargeter sì ti wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ nígbà náà. Norris sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, aláwàdà tí páì lè gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì lérò. Páì náà kò sì sí níbẹ̀."

Harold sọ pé àṣìṣe ni. Ó ní òun rí iná ọkọ̀ lẹ́yìn fèrèsé, òun rò pé alápatà ni, òun sì rò pé ìtàn Norris ti parí. Norris wò ó lójú, ó yí padà, kò sì gorí pèpéle mọ́. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí Harold tààrà.

Ẹ má rò pé wọ́n pínyà. Hoylebeck kò tóbi tó kí ènìyàn lè pínyà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n tún fi jọ ṣiṣẹ́ ní ojú èédú kan náà kí wọ́n tó ti ihò náà pa. Lọ́jọ́ kan, òrùlé ń ké, òkúta kan fẹ́ já lé Harold lórí. Norris rí i. Ó yíjú sí Sid Armitage tó wà láàárín wọn, ó kígbe, "Sid! Sọ fún ọkùnrin yẹn kó sún sọ́tùn-ún!" Sid sọ fún un, Harold sún, òkúta já sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, Harold ní, "Sid, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Norris ní, "Sid, sọ fún un pé kò tọ́pẹ́."

Lẹ́yìn Sid, ó kan Brenda. Ní kílọ́ọ̀bù, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ sí ọ̀dọ̀ Harold tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlé-móoru. Àwọn kan á ní ọdún márùndínláàádọ́ta ti pọ̀ jù fún ìkùnsínú. Irú wọn ni wọn kò tíì ṣe ohunkóhun fún. Ẹni tó yàgbẹ́ sọ́nà lè gbàgbé. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kì í gbàgbé.

Ohun tó sì dun Norris jù kì í ṣe Bridlington mọ́. Harold ti sọ ọ̀rọ̀ náà di àwàdà. Ní ọdọọdún, níbi ìgbéyàwó, níbi òkú, níbi ìdíje ẹyẹlé, wọ́n á ní, "Harold, sọ ti alẹ́ tí páì kò dé," Harold á sì sọ ọ́, ìlú á rẹ́rìn-ín. Norris tó jẹ́ pé òun ló máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ti di ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí Keeley dé kílọ́ọ̀bù náà ní ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè kan ní ọdún 2019. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ni, ó wọ búùtù pupa, ó sì ń kí gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó ti mọ̀ wọ́n. Àgbàlagbà mọ́kànlá ló ti dé láti wá bá a sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ sórí tábìlì.

"Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ bá rántí nípa àwọn aláwàdà tó ṣeré níbí," ni ó wí. "Gẹ́gẹ́ bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ la máa ṣe tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni tó bá fẹ́ á lè wá gbọ́ ọ."

Norris gbọ́ "ọgọ́rùn-ún ọdún," ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

Ọ̀sán náà kọ́kọ́ dùn. Mavis Tordoff, tó ń ta bíà níbẹ̀ nígbà náà, ló bẹ̀rẹ̀. Ó rántí Lionel, ọkùnrin gígùn tó ní ọmọ onígi tó ń mú sọ̀rọ̀ láìla ẹnu ara rẹ̀. Ní òtútù ọdún kan, ohùn Lionel lọ pátápátá. Dípò kó dúró sílé, ó wá, ó gbé ọmọ onígi náà jókòó lórí orúnkún, ó so ìwé kan mọ́ ọn lọ́rùn: *Ọ̀gá mi ń ṣàìsàn, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sinmi.* Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àwọn méjèèjì fi wo èrò láìsọ nǹkan kan.

"Eré tó dára jù tó ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn," ni Mavis wí. "Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó máa ṣàìsàn."

Ẹlòmíràn rántí Freda Stott, obìnrin tó máa ń gorí pèpéle pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù àti abọ́ ẹ̀wà tútù. Á jókòó, á máa bó ẹ̀wà, á sì máa bú àwọn ọkùnrin iwájú lọ́kọ̀ọ̀kan láìgbé ojú sókè, títí ẹ̀wà á fi tán. Àwọn tó ń lu ẹṣin tó ń fa èédú lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń fi dínámáítì fọ́ òkúta, kò sí ẹni tó jẹ́ jókòó níwájú bí Freda bá ń bọ̀.

Norris gbàgbé ara rẹ̀. Òun náà dá sí i. "Ẹ rántí ọkùnrin Doncaster yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín sí? Ogún ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni kò mi. Agogo sì dún, wọ́n ní, 'Ẹ fún un láyè, ó níyàwó nílé.'"

"Wọ́n sì dáhùn láti ẹ̀yìn pé, 'Ìyàwó náà ló lé e wá!'" ni Harold parí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlé-móoru.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Norris náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó parí rẹ̀, ó sì yíjú sí fèrèsé.

Bóyá nítorí ẹ̀rín yẹn ni Mavis ṣe gbàgbé ohun tó yẹ kó rántí. "Harold!" ni ó wí. "Sọ ti alẹ́ tí páì kò dé fún ọmọ yìí."

Brenda ní, "Mavis, fi ìyẹn sílẹ̀."

Ṣùgbọ́n Harold ti ń tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, eruku èédú ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sọ ìtàn yìí, ikọ́ pàápàá máa ń dúró dè é.

"Mo wà nínú àpótí mi," ni ó bẹ̀rẹ̀. "Mo rí iná ọkọ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Mo ní, alápatà nìyí. Mo lu agogo. Àṣé ọkọ̀ dókítà ni! Igba ènìyàn tò, kálukú pẹ̀lú àwo, bí ọmọ ilé ìwé. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ṣófo bí orí mi yìí. Ẹni iwájú ní, 'Páì dà?' Ẹni ẹ̀yìn ní, 'Má ti mí.' Wọn kò padà o! Wọ́n dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ páì tí kò sí. Mo wá wo pèpéle. Norris ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, bí ẹni tó ń dá bọ́ọ̀sì dúró."

Ẹ̀rín gba ilé kan. Keeley rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú. Àwọn tó ti gbọ́ ọ nígbà ọgọ́ta tún rẹ́rìn-ín, torí ó dáa. Norris mọ̀ pé ó dáa. Ó jẹ́ aláwàdà tó láti mọ̀ pé "bọ́ọ̀sì" yẹn bọ́ sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí i nínú jù.

Ó dìde. "Pa ẹ̀rọ yẹn."

Keeley wò ó. "Bàbá?"

"Mo ní pa á. Irọ́ lo ń gbà sílẹ̀."

"Norris, jókòó," ni Brenda wí.

"N kò jókòó. Brenda, sọ fún ọkùnrin yẹn pé irọ́ ló pa."

"Ó wà níwájú rẹ. Etí rẹ̀ kò tíì di."

"Sọ fún un."

Brenda mí kanlẹ̀. "Harold, Norris ní irọ́ lo pa."

"Sọ fún Norris," ni Harold wí, "pé bí mo ṣe ń sọ ọ́ láti ọdún márùndínláàádọ́ta náà ni mo ṣe sọ ọ́."

"Norris, Harold ní—"

"Mo gbọ́!"

"Bí o bá gbọ́, kí lo wá ń lò mí fún?" Brenda fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ọdún kẹwàá rèé tí wọ́n ti ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú yìí pa. Èmi nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́! Nígbà tí Harold pàdánù ìyàwó rẹ̀, èmi ni mo lọ sọ fún un pé o kẹ́dùn. Mo ní, 'Norris kẹ́dùn,' ó ní kí n kí ọ. Ilé yín kò ju ìlẹ̀kùn mẹ́rin lọ síra!"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Keeley na ọwọ́ sí ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á. Ó sọ jẹ́jẹ́, "Bàbá Clegg, bí mo bá pa á, ohun tí Bàbá Umpleby sọ ni á wà nínú rẹ̀. Bí irọ́ bá ni, ẹ sọ òótọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ààyè wà."

Norris dúró. Bí ó bá bínú jáde, ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n á fi máa gbọ́ bọ́ọ̀sì. Bí ó bá ní, "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," kí ni ẹ̀rí? Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Brenda ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó ní Harold ti mọ ìparí ìtàn náà, Brenda ní, "Ta ló wà pẹ̀lú yín lábẹ́ ilẹ̀ tó gbọ́ ọ?" Kò sí. Ó lè fi ibi tí wọ́n ti gé e lẹ́nu hàn wọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ló lè ṣe. Ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Seth, àbúrò bàbá mi," ni ó wí, "ra pósí ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó wà láàyè."

Mavis gbé ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún 1974.

"Ó gbé e sí pálọ̀. Ada ìyàwó rẹ̀ ní, 'Kí la fẹ́ fi èyí ṣe kó tó di ọjọ́ náà?' Seth ní, 'Jẹ́ kó wà níbẹ̀, kó máa mọ́ ilé lára.' Ada kì í fi àyè ṣòfò. Ó da ọ̀dùnkún sínú rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ funfun lé e lórí, ó gbé fọ́tò ìgbéyàwó wọn sí i. Ọdún méjìlá! Bí o bá lọ kí wọn, Ada á ní, 'Seth, ṣí pósí rẹ, ká se oúnjẹ.'"

Ohùn Norris, tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́, ń gbóná bọ̀ bí ẹ̀rọ ọkọ̀ láàárọ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó fi ìka kan ṣe Ada, ó fi èjìká kan ṣe Seth. Ó sọ bí àwọn méjèèjì ṣe jà lọ́jọ́ kan lórí ẹni tó jẹ ègé ẹran tó kẹ́yìn, bí Seth ṣe ní, "Ó dáa, mo ń lọ sí ibi tí n kò ti ní gbọ́ ariwo rẹ mọ́," tó sì wọnú pósí lọ, tó dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀dùnkún, tó fa ìdérí dé ara rẹ̀. Ìdérí há. Ada kò mọ̀. Ó tún aṣọ funfun tẹ́. Àlùfáà tuntun sì kan ìlẹ̀kùn.

Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Keeley ti gbàgbé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Harold nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Norris rí i láti igun ojú: ètè Harold ń mì. Ó ń bá a sọ ọ́, láìjẹ́ kí ohùn jáde, gbólóhùn tẹ̀lé gbólóhùn.

"Àlùfáà jókòó. Ada gbé tíì fún un. Àlùfáà gbé ife tíì lé orí aṣọ funfun. Ó ní, 'Ìyá Clegg, ọkọ yín ńkọ́?' Ada ní, 'Ó ti fi mí sílẹ̀.' Àlùfáà ní, 'Áà! Ẹ pẹ̀lẹ́.' Ló bá gbọ́ nǹkan tó kan pákó lábẹ́ ife tíì. *Kó. Kó. Kó.* Ohùn kan ní, 'Ada...' Ife tíì ṣubú. Àlùfáà wólẹ̀ lórí orúnkún, ó di àgbélébùú ọrùn rẹ̀ mú, ó ń gbọ̀n. Ó ní, 'Seth! Ẹ̀mí Seth! Ní orúkọ Olúwa, dá mi lóhùn! Níbi tí o wà yẹn, ǹjẹ́ ìsinmi wà níbẹ̀?'"

Norris gbé ọwọ́ sókè. Ó dákẹ́.

Ohun tó fẹ́ sọ lẹ́yìn ìdákẹ́ náà ni pé: ibí ni wọ́n ti lu agogo. Ṣùgbọ́n ilé ti dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì pẹ́ tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i. Mavis na ọrùn síwájú. Brenda, tó ti bá a sùn lórí ibùsùn kan fún àádọ́ta ọdún lé díẹ̀ láìgbọ́ gbólóhùn náà, la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé. Norris kò lè já ìdákẹ́ náà. Ó gbé e dání. Ó kọjá ẹ̀rin. Ó kọjá àrùn-ún. Kò sí aláwàdà tó lè dúró tó bẹ́ẹ̀ kó má sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó mọ gbólóhùn náà tó lè jókòó níbẹ̀ kó má sọ ọ́.

"'Ìsinmi kẹ̀?'" ni ohùn kan dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlé-móoru, ohùn tó rẹ̀, tó bínú, ohùn ọkùnrin tó wà lábẹ́ pákó. "'Mo ṣì ń gbọ́ Ada láti ìhín!'"

Ẹ̀rín bú. Mavis fi orí lé tábìlì. Ọkùnrin kan tí kì í rìn láìmú ọ̀pá ń fi ọ̀pá náà lu ilẹ̀. Brenda ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń ní, "Àṣé èmi lẹ ń bú! Èmi ni Ada!" Keeley dì mọ́ àga.

Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Brenda ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó nu ojú rẹ̀, ó wo Harold.

"Harold," ni ó wí, "èmi ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ ìyẹn rí."

Harold wo ilẹ̀.

"Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ìwọ. Kò tíì sọ ọ́ tán rí. Ìwọ sì ní o rò pé ìtàn ti parí lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

Norris sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti wà lókè láti ìgbà náà.

Harold wúkọ́, ó wúkọ́ títí. Mavis gbé omi fún un, kò mu ún. Ó wo nǹkan kékeré tó wà lórí tábìlì. "Ọmọ mi, ṣé ó ṣì ń gba ohùn?"

"Ó ń gbà á, bàbá. Ṣé kí n pa á?"

"Rárá." Ó yí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ àga náà ń ha ilẹ̀, títí tó fi dojú kọ fèrèsé. Brenda fẹ́ dìde bí ìṣe rẹ̀, láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Harold ní, "Jókòó, Brenda. Mo máa gbé e fúnra mi."

Ó sinmi títí èémí rẹ̀ fi padà.

"Ní Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn," ni ó wí, "a wà ní ilé ìwẹ̀ ẹnu ihò, o ń fọ ẹ̀yìn mi. O ní, 'Harold, ní Sátidé, má dá sí i. Má sọ nǹkan kan nínú máìkì. Èmi nìkan ni ọkùnrin Leeds yẹn ń bọ̀ wá wò.' O rántí?"

Norris rántí. Láàárín gbogbo ohun tó ti tò jọ ní ọdún márùndínláàádọ́ta, kò fi ìyẹn kún un.

"Mo ní kò burú. Mo sì pa ẹnu mọ́. Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń ṣe é, mo rò pé bí n kò bá sí nínú rẹ̀, á rọ̀. Kò rọ̀. Mo jókòó sínú àpótí yẹn, mo ń wo ojú wọn. Ó dára ju ìgbà tí mo wà nínú rẹ̀ lọ, Norris. Ọkùnrin yẹn ti yọ kálámù. Mo ní, wò ó, Norris ti fi mí sílẹ̀ lọ nìyẹn."

"Iná ọkọ̀ ńkọ́?" ni Norris béèrè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọdún márùndínláàádọ́ta nìyẹn.

"Kò sí iná ọkọ̀."

"Dókítà ńkọ́?"

"Dókítà wà nílé rẹ̀. Èmi ni mo fi í sí i. Ó mú ìtàn náà dùn."

"Sọ ọ́ tán."

"Mò ń sọ ọ́."

"Sọ ọ́ tán, Harold."

Harold fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Ó sọ ọ́ ketekete, bí ó ṣe máa ń pe nọ́ńbà bíńgò láyé àtijọ́, kí ẹni tó jókòó jìnnà jù lè gbọ́.

"Páì kò dé. Mo mọ̀ pé kò dé. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó kàn lẹ́nu rẹ, mo sì lu agogo kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún ọ ni, Norris, mo sì ti ń fi rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ náà kí n má baà sọ ọ́."